Abigail Dé Ilé Onífèrèsé Búlúù

Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Abigail fi jókòó lórí ẹrù ara rẹ̀ nínú lọ́rì kí ó tó fojú kan àpáta Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbéra ní Kàdúná. Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kí wọ́n dé, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún lọ́rì pé ó yẹ? Bí wọ́n ti ń wọ Òmù-Àrán báyìí, nǹkan kan ké gbàù lábẹ́ ọkọ̀. Babáfẹ́mi dírẹ́bà rá wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì jáde dáadáa títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó jáde, ó ní kí wọ́n máa dúpẹ́ pé kì í ṣe orí afárá Jẹ́bà ló ti ṣẹlẹ̀. Abigail dúpẹ́. Kí ló kù tí kò tíì dúpẹ́ fún lójú ọ̀nà yẹn? Eruku ti sọ irun rẹ̀ di pupa, Fúnkẹ́ tó pọ̀n sẹ́yìn ti bì sí i láṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, Michael ọmọ ọdún méje sì ti béèrè "Ṣé a ti dé?" títí ó fi rẹ òun fúnra rẹ̀.

Ilé ni wọ́n ń kó lọ, ẹ jẹ́ kó yé yín. Kì í ṣe ọdún Kérésì ni wọ́n wá ṣe. Ọkọ Abigail, tó jẹ́ káfíńtà nílé iṣẹ́ reluwé ní Kàdúná, ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù méje sẹ́yìn ló ti ṣáájú wá láti kọ́lé sí ìlú bàbá rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tó dé kẹ́yìn wí pé ilé ti parí: ilé onípáànù, onífèrèsé búlúù, lójú ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ní kí ìyàwó òun ta èyí tó bá ṣeé tà, kó di ìyókù, kó máa bọ̀. Abigail ta ibùsùn, ó ta àga, ó ta adìyẹ, ó sì dá yàrá padà fún onílé. Kò sí ibi tí yóò padà sí mọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kàdúná ni, kò tẹ ilẹ̀ Èkìtì rí láyé rẹ̀. Ohun tó kù fún un kò ju ọkọ kan, ọmọ méjì, àti ilé tí kò tíì fojú rí.

Nígbà tó ń dágbére, ìyá rẹ̀ fà á létí. "Abigail, ìlú àjèjì la wà níbí, o ti ń ṣe bó o ṣe fẹ́. Tó o bá dé ìlú ọkọ rẹ, orúkọ ọkọ rẹ ò gbọdọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ o. Ajá tó o bá nílé gan-an, ọkọ rẹ ni." Abigail rẹ́rìn-ín. Òun kì í kúkú pe orúkọ ọkọ òun tẹ́lẹ̀. Bàbá Michael ló ń pè é, àwọn ará àdúgbò sì ń pè é ní Káfíńtà.

Ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti ṣèlérí nínú lẹ́tà pé òun á dúró dè wọ́n níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń ta okùn ló sún mọ́ ọn.

"Ulé ta lò ń lọ, ọmọ mi?"

"Ilé Bàbá Michael ni, sà."

"Michael wo?"

Abigail na ìka sí ọmọ. Bàbá olókùn wo Michael, ó mirí. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí kò kúkú dárúkọ ọkọ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní, ẹ̀ ń pe ọkọ yín bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹni! Nígbà tí à ń wí yìí, obìnrin tó bá la ẹnu dárúkọ ọkọ rẹ̀ ní àárín gáréèjì ìlú ọkọ rẹ̀, orin ni wọn yóò fi í kọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Àwọn tó wà ní Kàdúná ni, sà," ni Abigail wí. "Ilé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Onípáànù ni, onífèrèsé búlúù, lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Áà! Ulé ọmọ Kàdúná! Ẹ̀ẹ́ ṣe tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá júwe ọ̀nà fún Babáfẹ́mi, ó júwe é lẹ́ẹ̀mejì, lọ́rì sì gbéra.

Ìyá arúgbó kan ló jókòó níwájú ilé náà, tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Páànù ń dán lókè, fèrèsé rẹ̀ búlúù bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Babáfẹ́mi kò tíì pa ọkọ̀ tó ti ń pariwo. "Ìyá, ẹ bá mi yọ̀ o! Ìyàwó yín láti Kàdúná ni mo gbé dé yìí, àtọmọ àtẹrù!"

"Ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó ọmọ yín tó wà ní Kàdúná ńkọ́!"

Igbá bọ́ lọ́wọ́ ìyá, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó sì fi igbe ta. "Ó rántí ulé! Ẹ gbà mí o, ọmọ mi rántí ulé!"

Ó ya Abigail lẹ́nu. Ẹni tó ti wálé láti oṣù méje, kí ló tún ń rántí? Ó rò ó títí, ó ní bóyá bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí ká sòótọ́, ìdajì ohun tí ìyá ń wí ni kò yé e.

Obìnrin kan sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo. Yóò tó ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó ga, ó sì dúró ṣinṣin. Ọmọ́tóyọ̀sí lorúkọ rẹ̀. Ìyá sọ̀rọ̀ sí i létí wàràwàrà. Obìnrin náà wo Abigail láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo Michael, ó wo ọmọ ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó sì wọlé lọ bu omi wá.

"Ìyàwó, gbé ẹsẹ̀ wá."

Àbáwọlé níbẹ̀ ló ti wẹ ẹsẹ̀ Abigail, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó tó ń wọlé ọkọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kàdúná ni Abigail ti ṣègbéyàwó, kò sẹ́ni tó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, ṣé ẹ rí i, èmi náà ti délé. Babáfẹ́mi já ẹrù sílẹ̀: àpótí mẹ́ta, máṣíìnì ìránṣọ, ìkòkò àti àwo. Ó gba omi mu, ó sì wa lọ́rì rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ béèrè ọkọ rẹ̀, ìyá ní rárá, a kì í bi àlejò ọ̀nà jíjìn ní nǹkan kan kí ó tó jẹun, àlejò náà kì í sì í bini. Wọ́n gúnyán, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ẹran ìgalà. Ìyá gbé Michael lé itan, ó ń fọwọ́ pa á létí. "Ẹ wo etí! Etí bàbá rẹ̀ rèé gẹ́lẹ́!" Abigail mọ̀ pé etí bàbá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Michael jí gbé, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í bá ìyá ọkọ jiyàn etí lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ọmọ́tóyọ̀sí ṣílẹ̀kùn yàrá kan. "Yàrá ọkọ wa rèé. Ibẹ̀ ni kí o kó ẹrù rẹ sí."

Abigail wọlé, ó dúró. Ibùsùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sórí rẹ̀. Kò sí bàtà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ṣòkòtò lára ìṣó. Kò sí òòlù, kò sí ayùn, kò sí lẹ́búlẹ́bú pákó nílẹ̀, kò sì sí òórùn igi tó máa ń tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ kiri láti ọdún mẹ́jọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò pa dé. Ó tún un tì, ó tún ṣí sílẹ̀. Bàbá Michael ló gbé ilẹ̀kùn yìí kọ́? Ọkùnrin tó máa ń bínú sí àpótí ẹlòmíràn pé ìdè rẹ̀ wọ́!  Abigail jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Bàbá Michael ńkọ́?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ gan-an nìyẹn," ni Ọmọ́tóyọ̀sí wí. "Ọkọ wa dà?"

"Wọ́n ti ṣáájú mi wá, mà."

"Ó ti kí ni?"

"Wọ́n ti ṣáájú. Wọ́n ní àwọn á dúró dè mí ní gáréèjì, mi ò sì rí wọn. Mo rò pé ilé ni mo máa bá wọn."

Ọmọ́tóyọ̀sí di ògiri mú. "Ó wà nínú ìlú yìí? Lónìí?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti sáré bá ìyá. "Ìyá! Ó ti ṣáájú rẹ̀! Ó ti wọ̀lú! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá a dúró síbì kan!" Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbi tó jókòó sí, Michael lórí itan rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ọmọ́tóyọ̀sí pààrọ̀ ìró. Ó fi òróró para. Ó jókòó síwájú dígí kékeré, ó ń lé tìróò.

Abigail ń wò ó. Láti ìgbà tó ti wọlé ló ti rò pé ìyàwó mọ̀lẹ́bí lásán ni obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mọ̀lẹ́bí wo ló ń lé tìróò nítorí ọkọ ọlọ́kọ? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n Bàbá Michael ló fẹ́ yín ni, àbí àbúrò wọn?"

Ọmọ́tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín lójú dígí. "Ẹ̀gbọ́n wo? Òun nìkan ni ìyá yìí bí. Èmi ni ìyáálé rẹ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti so wá pọ̀, ọdún kan kó tó lọ sí Kàdúná. Ọdún kẹsàn-án tó ti lọ rèé."

 Bàbá Michael sọ fún Abigail pé ọmọ mẹ́rin ni ìyá òun bí. Irọ́ nìyẹn náà? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún lọ́kàn. Ó kúrò níbí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó bá Abigail pàdé lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó bára mu bí ọmọrí bá ìkòkò. Ó wá yé e ìdí tí ọkọ rẹ̀ kò fi mú un wálé rí, tó jẹ́ pé gbogbo ọdún ló máa ń ní kò sówó ọkọ̀, ọmọ ń ṣàìsàn. Áà, Bàbá Michael! Nítorí náà ló ṣe sá kúrò ní gáréèjì!

Ọmọ́tóyọ̀sí rí ojú rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá tìróò sílẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Má fòyà. Kò sọ nípa mi fún ọ, àbí? Ọkùnrin ni. Mi ò ní bá ọ jà láé. Mo ti sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run, pé bó wù ú kó fẹ́ mẹ́wàá, kó sáà ti padà wálé. Àwọn ọmọ rẹ, ọmọ mi ni wọ́n." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ikọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti lọ?"

"Ikọ́ wo?"

"Ikọ́ tó máa ń hú lásìkò ọyẹ́ yẹn."

Ọkọ Abigail kò húkọ́ rí. Ó wá rò ó pé, àní àìsàn ọkọ òun pàápàá, àwọn ẹlòmíràn ló mọ̀ ọ́n. Inú bí i, inú rẹ̀ sì bà jẹ́, kò mọ èwo ló ṣáájú. Ìwà rere obìnrin yìí gan-an ló dùn ún jù. Ká ní ó bú òun ni, òun á mọ ohun tí òun á ṣe!

Ó dìde. Ó ṣán ọ̀já mọ́ Fúnkẹ́ lẹ́yìn, ó wọ yàrá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àpótí bọ̀ síta. Níbo ló ń lọ? Kò mọ̀. Kò sí ibùsùn ní Kàdúná, kò sí ọkọ ní Ìkẹ́rẹ́, ó sáà ń wọ́ àpótí ni.

"Níbo lò ń lọ?" ni ìyá ké.

"Ẹ jẹ́ n lọ, mà! Ẹ jẹ́ n lọ! Níwájú pẹpẹ ló ti búra fún mi! Ó ní kò sẹ́lòmíì! Ebenezer Gbádégẹṣin tàn mí jẹ! Ebenezer Gbádégẹṣin, Ọlọ́run ló máa ṣèdájọ́ èmi pẹ̀lú rẹ!"

Orúkọ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Ó ń retí kí ìyá bú òun. Ìyá kò bú u. Ìyá ń wò ó lójú ni.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá béèrè.

"Ọkọ mi ni, mà. Ọmọ yín."

"Ọmọ mi kẹ̀? Èmi ò bí Ebenezer o. Afọláyan ni mo bí."

"Ta ni Afọláyan?"

"Ọmọ mi ńkọ́! Ẹni tó ni ulé yìí!"

 Abigail wo ilẹ̀kùn tí kò pa dé. Ó wo ibùsùn tẹ́nikẹ́ni kò sùn lé. Ó wo etí Michael. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yé e, ó sì jókòó sórí àpótí. "Ilé ibòmíì ni mo wọ̀," ó ní. "Ọkọ mi ò tàn mí. Yéè, Olúwa ṣeun! Ọkọ mi ò tàn mí!" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fọwọ́ lu itan. "Mo jẹ iyán oníyán! Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi lásán! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ foríjì mí o!"

Ó yíjú sí Ọmọ́tóyọ̀sí kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà dúró lójú kan. Tìróò wà lójú rẹ̀ ọ̀tún, kò sí ní tòsì.

"Ìyẹn ni pé o ò mọ̀ ọ́n," ni Ọmọ́tóyọ̀sí wí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Kò ṣáájú rẹ wá."

"Ọkọ tèmi ni mo ń wí, mà."

"O ò tiẹ̀ rí i rí? Lọ́jà? Ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ga, ó dúdú, ó máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá ń sọ̀rọ̀."

"Kàdúná tóbi, mà," ni Abigail wí, ẹ̀rín ti kú sí i lẹ́nu. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Ọmọ́tóyọ̀sí jókòó. Ó ní lẹ́tà mẹ́ta ni ọkọ òun kọ wá lọ́dún méjì àkọ́kọ́, láti ìgbà náà kò sí nǹkan kan. Ó ní kòkó oko rẹ̀ lòun ń kó tà tí òun fi kọ́ ilé yìí, káfíńtà tí òun kọ́kọ́ rí lòun gbà, torí òun fẹ́ kí ó parí kíá, kí ọkọ òun má bàa dé kó máa wá ibi tí yóò sùn. "Gbádégẹṣin tí o wí yẹn, ṣé káfíńtà tó kọ́lé sí ọ̀kánkán igi ọsàn ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Á jẹ́ òun ni, mà."

"Mo ti lọ bá a. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ni mo lọ. Mo ní ẹni tó bá ti Kàdúná dé, á mọ ọkọ mi. Ó bi mí pé kí lorúkọ ọkọ mi." Ó fi ìka nu tìróò ojú ọ̀tún rẹ̀ nù. "Mo ní ọkọ mi ni. Mo ní ọmọ ìyá arúgbó ilé onífèrèsé búlúù. Kí ni ǹ bá tún wí? Ó ní fèrèsé búlúù ló kún ìlú, òun ò mọ ẹni tí mò ń wí."

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóde. Ebenezer ló ń sáré bọ̀, eruku Adó lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, pẹ́ńsùlù iṣẹ́ rẹ̀ létí. Ó ti dúró ní gáréèjì ní Sátidé, ó dúró ní Sọ́ńdè, láàárọ̀ òní ló wọkọ̀ lọ sí Adó láti lọ wá wọn, àfìgbà tó padà dé tí Babáfẹ́mi sọ fún un ní gáréèjì ibi tí wọ́n já ẹrù sí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ó rí ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú àwọn tó kù, ó pa ẹ̀rín mọ́ra. Abigail di apá rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. 

Ọmọ́tóyọ̀sí fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé àpótí síta. Ìyá kò fẹ́ kí Michael sọ̀kalẹ̀ lórí itan òun, ẹ̀ẹ̀mejì ni Abigail pe ọmọ náà kó tó tú u sílẹ̀. Nígbà tí Ebenezer gbé máṣíìnì, tó ń wá ohun tó máa sọ, Ọmọ́tóyọ̀sí dúró síwájú rẹ̀.

"O ṣì mọ àwọn èèyàn ní Kàdúná?"

"Mo mọ̀ wọ́n, mà. Ní reluwé níbẹ̀, àwa ọmọ Èkìtì pọ̀."

"Afọláyan," ni Ọmọ́tóyọ̀sí wí.

Ìyá gbórí sókè. Ọdún mẹ́wàá ni obìnrin yìí ti wà nílé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọmọ́tóyọ̀sí wo ìyá, bóyá yóò bá òun wí.

"Tún un pè," ni ìyá wí. "Pè é kó gbọ́."

"Afọláyan. Afọláyan Adéyínká. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́."

Ebenezer gbé máṣíìnì kalẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó wá ìwé nínú àpò, kò rí, ó fa lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ yọ nínú ẹrù ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ orúkọ náà sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ́tóyọ̀sí, tí kò mọ̀wé, na ọrùn wò ó.

"Kà á fún mi."

Ebenezer kà á.

"Òun ni," ni obìnrin náà wí. "Tún un kà."